Ọjọ́ 14 fún Ẹni Tó Parí Iṣẹ́, Ọjọ́ 60 fún Ẹni Tí Wọ́n Dá Dúró: Irú Òfin Wo Nìyẹn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Bí ogún ọdún bá lè di ọ̀la, kí ni ká ti wí nípa ọdún kan tàbí méjì tó wà nínú ìwé àdéhùn olùkọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Adó-Èkìtì, tó wọ bàlúù lọ sí England láti lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò? Nígbà tó ń buwọ́ lùwé, òpin àdéhùn náà jìnnà lójú rẹ̀. Kó tó ṣẹ́jú, ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ti pé. Ìyá ọlọ́mọ tuntun tó ń bá di ipò rẹ̀ mú ti parí ìsinmi ìbímọ, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dúpẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ káàdì ìdágbére, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra kéèkì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá kù nílẹ̀: ṣé olùkọ́ yìí lè dúró, àbí kó máa lọ sílé?

Ìdáhùn tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un kò dára. Kò dára fún olùkọ́, kò dára fún àwọn ọmọ tó ń kọ́, kò sì bu iyì kún ìjọba tó ṣe òfin náà. Ó yẹ kí wọ́n yí i padà. Ó sì yẹ kí ìjọba Nàìjíríà, tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni ìyà ń jẹ, yé ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ńṣe ni àwọn olùkọ́ wọ̀nyí já wọ ilé onílé. Wọ́n pè wọ́n ni. Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìjọba ti ṣí ọ̀nà ní England fún àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà, Ghana, Zimbabwe, South Africa, Jamaica, India àti àwọn ilẹ̀ mìíràn láti gba QTS, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé èèyàn kúnjú òṣùwọ̀n olùkọ́ lọ́hùn-ún, láìjẹ́ pé wọ́n tún lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ olùkọ́ láti ìpìlẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń fẹ́ láti Nàìjíríà ni àwọn tó kúnjú òṣùwọ̀n láti kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, ìjọba kan náà gbé 10,000 pọ́ùn kalẹ̀ fún olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ èdè tó bá ti òkè òkun wá, kí ó lè fi bo ìnáwó físà àti ti ìkó-ẹrù. Kò sí ẹni tí í fi owó bẹ àlejò tí kò nílò. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour sì gbàjọba ní 2024, ara ìlérí tí wọ́n fi wọlé ni pé àwọn yóò gba olùkọ́ tuntun 6,500. Àìtó olùkọ́, pàápàá ti físíìsì àti ti ìṣirò, kì í ṣe àṣírí lọ́hùn-ún.

Ẹ wá wo bí òfin náà ṣe rí. Físà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ti òkè òkun wá ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní Skilled Worker. Ilé ẹ̀kọ́, tàbí àjọ tó ń darí rẹ̀, tàbí ìjọba ìbílẹ̀, tó bá ní àṣẹ láti ṣe onígbọ̀wọ́ ni yóò fún olùkọ́ ní ìwé ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́. Orí ìwé yẹn ni físà dúró lé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí wà nínú rẹ̀, físà náà yóò sì kú ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Bí ó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ kí àsìkò físà tó pé, yálà wọ́n dá a dúró ni o, yálà òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ fi tó Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Home Office yóò gé físà náà kúrú. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń fi sílẹ̀ fún onítọ̀hún ni ọjọ́ 60, àyàfi bí ohun tó kù lórí físà rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé méjèèjì síra. Ẹni tí wọ́n dá dúró láàárín ọdún lè rí ọjọ́ 60 láti fi wá ibòmíràn. Ẹni tó fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dópin, tí kò já ilé ẹ̀kọ́ kulẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọjọ́ 14 ni tirẹ̀. Ọjọ́ 60 kò tó fún ẹni àkọ́kọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín tirẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń fi irú òṣùwọ̀n báyìí wọn ẹ̀san? Bí àgbẹ̀ bá gba alágbàṣe sóko, ẹni tó kọ ebè rẹ̀ tán ni í fi isu dá lọ́lá.

Wàhálà yìí kì bá má le tó bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ olùkọ́ bá dà bí iṣẹ́ mìíràn tí àyè rẹ̀ ń ṣí lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní England, ìgbà mẹ́ta lọ́dún ni olùkọ́ sábà máa ń fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀: ìparí oṣù Kejìlá, ìparí oṣù Kẹrin àti ìparí oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù Kejìlá gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé kí oṣù Kẹwàá tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù Kẹrin, kí oṣù Kejì tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù Kẹjọ, kí oṣù Karùn-ún tó parí. Ìgbà tí àwọn ìwé wọ̀nyí bá dé ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni àyè iṣẹ́ tó pọ̀ ń yọ. Nítorí náà, olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ ní ìparí oṣù Kẹjọ dé ọjà nígbà tí wọ́n ti tà tán. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti mú ẹni tí wọn yóò lò fún oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹwàá ni àyè mìíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ dáadáa, fún iṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní. Ní àkókò yẹn, ọjọ́ 14 ti kú tipẹ́, láti àárín oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó ní ọjọ́ 60 pàápàá, tí ìwé Home Office bá tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò rí i pé ìgbà tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún ni wọ́n ní kí òun dìde lórí ìjókòó. Àwọn tó ṣe òfin físà àti àwọn tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ ń sin ìjọba kan náà, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò yìí mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín olùkọ́ adelé kiri, yóò máa kọ́ ọmọ níbí lónìí, lọ́hùn-ún lọ́la, títí iṣẹ́ gidi yóò fi dé. Ọ̀nà yìí dí fún àlejò. Òfin kò gba iléeṣẹ́ apínṣẹ́ láyè láti ṣe onígbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́ tí yóò lọ máa dí àyè níbi iṣẹ́ ẹlòmíràn. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí òfin fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ àfikún náà, ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nìkan ló wà fún. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ilé ẹ̀kọ́ kan lè máa wá adelé olùkọ́ ìṣirò kiri, kí olùkọ́ ìṣirò tó ní QTS sì jókòó sílé ní òpópónà kejì, kó má gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀pọ̀ nínú owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tí kò níṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó orí lára owó iṣẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn tó ń gbèjà òfin yìí máa ń ka àwọn ọ̀nà tó kù fún olùkọ́ lórí ìka, bí ẹni pé ó pọ̀ lọ súà. Ó yẹ kí á rìn wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ó wá onígbọ̀wọ́ tuntun. Bí ó bá rí i, tí ó sì fi ìwé ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ kí físà rẹ̀ tó kú, òfin gbà á láyè láti dúró títí èsì yóò fi jáde, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun náà kí àṣẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Èyí ni ọ̀nà tó dára jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ní àṣẹ ìgbọ̀wọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí kò sì ṣe irú rẹ̀ rí kì í sábà fẹ́ dá ara rẹ̀ lágara nítorí ẹni kan.

Ọ̀nà kejì ni ti ọkọ tàbí aya. Bí ẹnì kejì bá ní físà iṣẹ́ tirẹ̀ tó gba ẹbí láyè, olùkọ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó bá bọ́ sí i. Àpọ́n àti wúńdíá ńkọ́? Àwọn tó jẹ́ pé abẹ́ físà olùkọ́ gan-an ni ìyàwó, ọkọ àti ọmọ wà ńkọ́? Ọjọ́ tí tirẹ̀ bá wó ni ti gbogbo wọn wó.

Ọ̀nà kẹta ni kí olùkọ́ padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́wàá yóò lọ san owó ilé ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àjèjì, nítorí kó lè rí físà. Lẹ́yìn tó bá gboyè, yóò rí ọdún méjì láti fi ṣiṣẹ́, èyí tí ìjọba ti pinnu láti sọ di oṣù 18 fún ẹni tó bá béèrè rẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027.

Ọ̀nà kẹrin ni àṣẹ ìgbélùú títí lọ, èyí tí ẹni tó wà lórí físà Skilled Worker lè béèrè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Báwo ni ẹni tí àdéhùn rẹ̀ kò ju ọdún kan tàbí méjì lọ yóò ṣe dé ọdún márùn-ún láìjẹ́ pé ó ń fò láti orí òkúta kan sí òmíràn nínú odò? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba tún gbé àbá kalẹ̀ pé kí ọdún márùn-ún di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹni tó bá sì ní òun yóò kàn dúró láìní ìwé, kó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà. Ẹni tó bá ju ọjọ́ 30 lọ lẹ́yìn tí físà rẹ̀ kú lè rí ìfòfindè ọdún kan, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá bí wọ́n bá fi owó ìjọba gbé e kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àǹfààní nínú kí ó lọ sílé kí ó fi físà àbẹ̀wò padà wá wá iṣẹ́, nítorí òfin kò jẹ́ kí àlejò tó wá bẹ̀ ìlú wò yí físà rẹ̀ padà sí ti iṣẹ́ láì kúrò nílùú.

Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ló sì ní owó ibodè. Owó ìlera nìkan jẹ́ 1,035 pọ́ùn lọ́dún fún àgbàlagbà, 776 pọ́ùn fún ọmọdé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún tó wà lórí físà. Tọkọtaya àti ọmọ méjì tó ń béèrè físà ọdún mẹ́ta yóò san 10,866 pọ́ùn fún owó ìlera, kó tó kan owó físà fúnra rẹ̀. Ṣé láàárín ọjọ́ 14 ni ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró yóò rí ìyẹn yọ?

Àwọn kan yóò ní olùkọ́ mọ ọjọ́ tí àdéhùn òun yóò parí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí kò tètè wá iṣẹ́? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ lè máa sọ fún olùkọ́ láti oṣù Kìn-ín-ní pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tún àdéhùn náà ṣe, kó tó di oṣù Keje ni wọn yóò sọ pé owó kò sí. Ẹni tó ń gbọ́ irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, bó bá lọ wá iṣẹ́ sí ibòmíràn, orúkọ ọ̀gá yìí kan náà ni yóò kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹni tí físà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀gá kò lè sọ pé iṣẹ́ pọ̀ jù. Kò lè sọ pé òbí kan bú òun nítorí àwọ̀ òun. Kò lè kọ kíláàsì tí gbogbo ènìyàn ti kọ̀. Ìbẹ̀rù ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òpin àdéhùn kì í dúró de òpin àdéhùn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti ń bá olùkọ́ wọ kíláàsì.

Àwọn mìíràn yóò ní gbogbo ìlú ló ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yìí kò dúró sí ẹnubodè, ó ti wà nínú ilé. Wọ́n ti yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n ti yẹ ìwà rẹ̀ wò, wọ́n ti fi ọmọ wọn lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá lé e lọ tán, wọn yóò tún ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ní Èkó tàbí ní Accra tí wọn kò mọ̀ rí. Ìyẹn kì í ṣe ìdáàbòbò, owó ṣíṣòfò ni.

Yorùbá náà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí kò mọ ìtàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìnísà àti ìlú mìíràn, tí àwọn mìíràn nínú wọn bímọ tí wọ́n sì kọ́lé sí Kumasi àti Tamale, kó ẹrù wálé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà gbé pàṣán kan náà. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tó kúrò, ọmọ Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn, àpò ẹrù tí wọ́n gbé lọ ló sì ń jẹ́ Ghana-Must-Go títí dòní. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ ilé ìwé girama ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà náà ló rántí olùkọ́ ọmọ Ghana tó kọ́ wọn ní ìṣirò tàbí físíìsì. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Nàìjíríà tó lo ọ̀sẹ̀ méjì fún aládùúgbò rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń ka ọ̀sẹ̀ méjì lórí físà báyìí. Ohun tí ìtàn náà fi kọ́ni ni pé àṣẹ ẹ má-a-lọ kò kọ́ ọmọ kankan ní ìwé rí.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí wọ́n fún olùkọ́ tó bá ní QTS ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn òpin iṣẹ́, ọ̀nà yòówù kí iṣẹ́ náà gbà parí, kí ó lè bá àkókò tí ilé ẹ̀kọ́ ń gba olùkọ́ pàdé lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Èkejì, kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣe olùkọ́ adelé láàárín àkókò yẹn, nítorí ebi kì í dúró de ìwé àṣẹ. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n so físà mọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kí wọ́n yé so ó mọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tó ń pe olùkọ́ láti òkè òkun lè ṣe onígbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá máa sọ ọdún márùn-ún di mẹ́wàá, kí ó má kan ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn lábẹ́ òfin àtijọ́. A kì í sún òpin eré síwájú nígbà tí sárésáré ti ń sáré bọ̀.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Àjọ TRCN ló ń fún olùkọ́ tó ń lọ ní ìwé tó ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ìjọba kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Láti ọdún 2004 ni àwọn mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Commonwealth ti fọwọ́ sí ìlànà kan ní Stoke Rochford, ní England níbẹ̀, lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa gba olùkọ́ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, kí ìlú tó ń pàdánù olùkọ́ má baà ṣòfò, kí ìyà má sì jẹ olùkọ́ tó lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú Commonwealth, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Kí ni ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní London fi ń ṣe tí kò fi gbé ìwé náà síwájú ẹni tó yẹ kó kà á?

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kí olùkọ́ tó fẹ́ lọ béèrè ọjọ́ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ó tètè gba QTS, nítorí ọdún mẹ́rin péré ni olùkọ́ tó ti òkè òkun wá lè fi kọ́ ọmọ láìní in ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí ó máa wá iṣẹ́ tó kàn láti oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún, kí ó sì yẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wò nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn onígbọ̀wọ́ tí ìjọba gbé síta fún gbogbo ayé. Bí alágbàtà kankan bá ní kí ó mú owó wá fún ìwé ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́, kí ó sá. Onígbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ di ẹrù owó ìwé náà lé òṣìṣẹ́ lórí.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n olùkọ́ nìkan kò lè tún òfin tó wọ́ ṣe. Àwọn tó pè é ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Àlejò tí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ pè wá bá a kọ́ ọmọ, kò yẹ kó máa wá bàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn lọ́jọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà tán.